Ìgò tí Omi Gbígbóná Kò Lè Fọ̀ Mọ́

Bí oòrùn bá ti mú, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní Ajue tí kì í nawọ́ sí ìgò omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fádáre ṣe. Ó mu omi tí aya rẹ̀, Ẹ̀bùnọlá, gbé wá fún un nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò oníke. Kò pẹ́ tí inú fi ń run ún, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Aya rẹ̀ ìbá rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti fi èyí tó kù nílé tọrẹ láàárọ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ní Òrè.

Nọ́ọ̀sì Motún tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣí ìgò omi tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì kọjú sí Ẹ̀bùnọlá.

“Ìyá, kí ló ti wà nínú ìgò yìí rí?”

Ẹ̀bùnọlá ní oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó ni. Inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ta oògùn náà máa ń bù ú sí fún wọn. Ṣùgbọ́n òun ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, òun sì ti sá a sóòrùn.

“Ojú lásán ló mọ́ sí. Ike máa ń fa oògùn mu. Ṣé ìgò kan ṣoṣo lẹ fọ̀?”

Ẹ̀bùnọlá rántí. Méjì ni. Èkejì ni ó rọ epo sí fún Nàfísàt, abiyamọ tuntun tí ọkọ rẹ̀ ń gba oko dá lọ́wọ́ wọn. Ó fi fóònù pè é.

“Nàfísàt, epo àárọ̀ yẹn dà?”

“Ó ti wà nínú ọbẹ̀, mà. Mo ń tọ́ ọ wò lọ́wọ́ báyìí.”

“Tu ú jáde. Fọ ẹnu rẹ. Má fún ọmọ lọ́yàn. Máa bọ̀ ní Òrè.”

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Nàfísàt fi dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan; Nàfísàt kò tíì gbé ọbẹ̀ náà mì.

Fádáre yíjú sí aya rẹ̀ láti orí ibùsùn. “Ìyá Tẹjú, epo yẹn kọ́ lo fẹ́ rọ sí mi lẹ́nu?”



Ẹ̀yin ará Odigbo, ìgò tó ti gba oògùn oko kò tún gbọdọ̀ gba oúnjẹ tàbí omi mímu mọ́ láé. Ẹ dá a lu, kí ẹlòmíràn má baà mú un lò. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n bù sínú ìgò ọtí. Ìgò tí kò gba nǹkan mìíràn ju omi tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ ṣeé tún lò fún ìgbà díẹ̀, bí ẹ bá ń fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́, tí ẹ kò sì rọ ohun gbígbóná sí i. Bí nǹkan bá ti ha á lára, tó bá sán, tàbí tó bá ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá sì gbé oògùn oko mì, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fi ipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn.