Àwọn Oníbàárà Tí Adébíyìí Kà

Bàtà rẹ̀ ni obìnrin náà gbé lọ́wọ́ wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rin gbingbin, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òjò sọ ohun tó dùn sí i létí. Adébíyìí gbójú sókè wò ó, ojú rẹ̀ ò sì lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Benson Street ni wọ́n wà. Wọ́n ti pe gbogbo àwọn tó ń ta fíìmù lórí fóònù ní Monrovia, àwọn tí èèyàn ń yan fíìmù tó wù ú lọ́dọ̀ wọn, tó bá ti sanwó, fíìmù á dé ọwọ́ rẹ̀. Ìjọba fẹ́ dá owó àṣẹ lé wọn. Adébíyìí ò fẹ́ràn ọ́fíìsì. Ilé ìdáná àwọn ṣọ́jà tó wá láti Nàìjíríà ló ti ṣiṣẹ́ nígbà ogun Liberia. Láti ìgbà náà, bó bá rí aláṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá ìbọn wà níbẹ̀, kó tó wo ojú rẹ̀. Ìdí ilẹ̀kùn ló jókòó sí.

Catherine, ọ̀gá obìnrin tó ń darí ìpàdé, ní ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ò pọ̀ yóò san owó kékeré, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ yóò san gọbọi. Àwọn ò tíì fọwọ́ sí i. Àwọn fẹ́ gbọ́ iye oníbàárà kálukú ná. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kówó náà pọ̀ jù," ọ̀rọ̀ yìí bọ́ lẹ́nu Adébíyìí. Obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ òjò yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣàmín sí i. Àdúrà gbogbo wa ni."

Olúbùkọ́lá lorúkọ rẹ̀. Opó ni, ó ní ìsọ̀ kan ní Duala, ibẹ̀ ló ti ń ta fíìmù Yorùbá fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Adébíyìí ní tirẹ̀ ní yàrá kan ní Logan Town, níbi tó ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe sinimá fún èrò orí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ogun. Fóònù ló tú bẹ́ǹṣì ká. Nígbà tí kò rẹ́ni jókòó mọ́, òun náà bá wọn lọ sórí fóònù. Àwọn tó kù fún un ò pọ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ó wá di pé kò sí ohun tó fẹ́ rà ní Duala tí kò ní gba iwájú ìsọ̀ Bùkọ́lá kọjá, bó ṣe iyọ̀ lásán. Bùkọ́lá a bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ fún un, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá mú. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Adébíyìí.

Àlùkò ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ìjọ kan náà ni ọkùnrin yìí àti Bùkọ́lá ń lọ. Ó ní ọ́fíìsì ní ìgboro, ó ní ọkọ̀, eyín rẹ̀ funfun. Fíìmù orí fóònù lòun náà ń tà, ó sì ń tà wàràwàrà. Bí Adébíyìí bá dé Duala tó bá ọkọ̀ yẹn níwájú ìsọ̀, a yà sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà bàtà òkìrìkà, a gbé ẹyọ kan dání bí ẹni tó ń ná an, a máa wò. Bí Bùkọ́lá bá rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí wọ́n fata sí i lójú ni. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni bàtà bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Bàtà obìnrin ló gbé dání, onígìgísẹ̀ gíga.

Nígbà ìpàdé kejì, kálukú ń dìde sọ iye oníbàárà rẹ̀. Àlùkò sọ iye tó mú kí àwọn èèyàn mira lórí àga. Bó ṣe jókòó, ó tẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ Bùkọ́lá.

"Àjíkẹ́, ó kàn ọ́."

Adébíyìí gbọ́ ọ. Àjíkẹ́. Oríkì tí òun ò tíì láyà láti fẹnu kàn.

Bùkọ́lá sọ iye tirẹ̀, ó kéré. Catherine wá kọjú sí ìdí ilẹ̀kùn. "Olpa," bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà nílùú náà, "àwọn tiyín ńkọ́?"

Owú ló dáhùn. Adébíyìí ka gbogbo ẹni tó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ rí láti ìgbà tí ìbọn ti dákẹ́: àwọn tó ti lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn tó ti kú, àwọn ọmọdé tó ń yọjú lójú fèrèsé láìsanwó. Ó ro wọ́n pọ̀, ó fi díẹ̀ lé e, ó sì pariwo iye tó ju ti Àlùkò lọ.

Catherine kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí oníbẹ́ǹṣì Logan Town bá ní tó báyìí, a jẹ́ pé kò sí ẹni kékeré nínú òwò yìí. Kò ní sí owó kékeré mọ́. Gọbọi ni gbogbo wọn yóò san. Ìpàdé tó ń bọ̀ lòun yóò fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, Bùkọ́lá wá sí Logan Town. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti fẹ́ rí owó yẹn? Mà á ti ìsọ̀ mi pa ni."

"Ṣebí Àlùkò á bá ọ san án."

Bùkọ́lá mi orí.

"Ó ní òun á san án. Ó ní kí n kó oníbàárà mi wá sábẹ́ òun, kí èmi fúnra mi sì wá sílé òun. Kí ẹ tó la ẹnu yín lánàá ni mo ti sọ fún un pé rárá. Ta lẹ rò pé mò ń dúró dè?"

Ó bá tirẹ̀ lọ. Bí Adébíyìí bá jẹ́wọ́ pé òun parọ́ fún ìjọba, ṣé ilé ni yóò sùn? Ó rí àtìmọ́lé lọ́kàn rẹ̀, ó rí ìsọ̀ Bùkọ́lá ní títì pa. Ìsọ̀ yẹn ni kò lè fara dà.

Lọ́jọ́ ìpàdé kẹta, gègé ti wà lọ́wọ́ Catherine nígbà tí Adébíyìí nawọ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ó fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ sọ pé irọ́ lòun pa, pé àwọn tóun kà, àwọn kan ti kú. Àlùkò béèrè bóyá òkú máa ń fi fóònù sanwó, ilé bú sẹ́rìn-ín. Adébíyìí ò jókòó. Ó ní bẹ́ǹṣì méjì gba gbogbo oníbàárà òun, pé irú òun pọ̀ nínú yàrá náà, bí owó bá di ọ̀kan, wọn á palẹ̀ mọ́ ni.

Catherine bi í pé kí ló wá dé tó parọ́.

"Owú ni, Màdáámù. Ọkùnrin yẹn ló pe obìnrin tí mo fẹ́ ní oríkì rẹ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Catherine fi ìwé bo ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Ó bá a wí dáadáa, ó fagi lé ohun tó kọ, ó dá owó kékeré padà, lẹ́yìn náà ló tó fọwọ́ sí i.

Bùkọ́lá, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ti ń dúró dè é níta. Adébíyìí ò mọ ohun tó yẹ kó sọ, ó bá ní bí àwọn bá gba ìwé àṣẹ kan ṣoṣo, owó ẹyọ kan làwọn méjèèjì á máa san.

"Ìwé àṣẹ, kí kálukú gbé tirẹ̀," ni Bùkọ́lá fèsì. "Ilé ni mo fẹ́ ká jọ máa gbé. Ẹ lọ rí àǹtí mi Suwebat. Òun ni bàbá, òun ni ìyá mi nílùú yìí."

"Mà á lọ lónìí." Ó wẹ̀yìn wo Àlùkò tó ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Ṣé yóò ṣì máa pè ọ́ ní Àjíkẹ́?"

"Ṣé báyìí lẹ ó ṣe máa jowú lọ?"

"Mà á máa jowú," ni Adébíyìí wí. "N ò kàn ní parọ́ mọ́ ni."

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo Benson Street, wọ́n sì jọ lọ wọ ọkọ̀ Duala.