Ilé Tí A Kì Í Júwe

“Ẹ na ọwọ́ yín, Màmá Jọmí.”

Tinú na ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí ó kan ti òsì, ó nà án dé ìdajì, ó sì dúró. Jọmílójú, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ṣí ìwé ìdánwò síwájú bí ẹni pé ó ń kà á. Ó rí i. Àǹtí Bernice aránṣọ náà rí i. Ẹni tó ti ń fi téèpù wọn ara obìnrin láti ogún ọdún, kò sí ohun tí ara lè fi pamọ́ fún un.

Aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ rán. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní kí ọwọ́ aṣọ mọ ní ìgbọ̀nwọ́. Tinú nìkan ló ní kí tòun dé ọrùn ọwọ́, nínú ooru oṣù Kẹrin, ní Màlúù Róòdù tí àwọn tírélà ti ń tú èéfín gbígbóná sílẹ̀ láti àárọ̀.

Àǹtí Bernice ká téèpù rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó wo ìta, ó fa aṣọ ìkélé ṣọ́ọ̀bù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mo lè rán ọwọ́ gígùn fún yín. Ṣùgbọ́n ó tó ẹni mẹ́rin tí mo ti rán an fún lọ́dún yìí. Mo mọ àwọn tó lè gbà yín, débi tí ẹ ò ní nílò rẹ̀ mọ́.”

Omi kàn ń bọ́ lójú Tinú ni, ó sì mi orí pé òun gbà.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Ajégúnlẹ̀ tó ń dúró ti àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù. Wọn kì í lẹ ìwé mọ́ ògiri kí wọ́n máa retí ẹni tí yóò kà á. Àwọn aránṣọ àti onídìrí ni wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin lè purọ́ fún pásítọ̀, ó lè purọ́ fún ìyá tó bí i, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó purọ́ fún ẹni tó ń wọn apá rẹ̀ tàbí tó ń ya irun rẹ̀.

Reuben, bàbá Jọmílójú, awakọ̀ tírélà ni ní Creek Road. Ní ìta, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ń kí tọmọdé tàgbà. Inú yàrá ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń le. Láti kékeré ni Jọmílójú ti mọ ìró bàtà rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó sì ti mọ̀ láti inú ìró yẹn irú alẹ́ tí yóò jẹ́.

Ní àárọ̀ Tusidé, Reuben wọ ibùdó ọkọ̀ ojú omi lọ láti gbẹ́rù. Kò pé wákàtí kan tí ìyá àti ọmọ fi jáde pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo: ìwé ẹ̀rí, ìwé ìdánwò, aṣọ méjì-méjì. Ẹ̀rù ń ba Jọmílójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí ìlú tí kò dé rí. Nusirat, obìnrin tó ń darí ilé ààbò tí ẹgbẹ́ náà ń fi àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, ló wá gbé wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Monday ló wa ọkọ̀. Ó yí Olódi-Àpápá po lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ lé wọn, kí ó tó yà sí ilé náà.

Kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀, Nusirat yíjú sí ọmọ.

“Ilé yìí, a kì í júwe rẹ̀. A kì í júwe rẹ̀ fún pásítọ̀, a kì í júwe rẹ̀ fún àfáà, a kì í júwe rẹ̀ fún àgbà tó fẹ́ràn wa. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, ma.”

Obìnrin méje ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ Tinú, ó di í. Obìnrin agbẹjọ́rò kan bá a jókòó fún wákàtí méjì, kò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ilé náà àti ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì jọ pín ògiri kan, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì ń jí wọn láràárọ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tó já síbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni. Tí ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ bá kan géètì, ibẹ̀ ni kí gbogbo wọn gbà.

Ní ọjọ́ Wẹ́sidé, Perpetual, tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ń sín àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ibùdókọ̀ Bọ́ńdárì jẹ, bí wọ́n ṣe ń jà nítorí èrò kan títí èrò náà fi fẹsẹ̀ rìn lọ. Tinú rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Jọmílójú ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá òun ní èjí.

Ìdùnnú yẹn ló kó bá Jọmílójú.

Ní ọjọ́ Tọ́sidé, ìdánwò parí kíákíá, Monday tó yẹ kó wá fi ọkọ̀ gbé e padà kò sì tíì dé. Bàbá Àkànó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Òun ni ó dàgbà jù nínú ilé tí wọ́n ti kúrò. Bí ìjà bá ti le, òun ló ń kan ilẹ̀kùn, òun ló ń ní kí Tinú kúnlẹ̀ kí ó bẹ ọkọ rẹ̀, kí ilé lè rọgbọ. Ènìyàn rere ni. Kò sí ọmọ ilé náà tí kò jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ó ní òun kò sùn láti ọjọ́ Tusidé. Wọ́n ní wọ́n rí òkú obìnrin kan nínú kánààlì, àyà òun sì já. Jọmílójú ní ìyá òun wà láàyè. Bàbá Àkànó mi orí, ó ní bóyá wọ́n kọ́ ọ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá,” ni Jọmílójú sọ.

Ìgbà tí ó ti la ẹnu, kò rí i pa dé mọ́. Ó fẹ́ kí ẹnìkan gbà á gbọ́. Ó sọ ti nọ́ọ̀sì, ó sọ ti Perpetual, ó sọ ti géètì aláwọ̀ ewé, ó sọ ti ilé búrẹ́dì tí àwọn obìnrin lè gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná wọ̀. Nígbà tí Monday fi máa fọn fèrè ọkọ̀, ó ti júwe ilé náà tán. Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́, ó ti fọ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Kò sọ ní ọjọ́ Fúráìdé. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé Bàbá Àkànó kì í ṣe ènìyàn búburú.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, géètì dún.

“Tinú, èmi Àkànó ni. Ìpẹ̀tù ni mo bá wá.”

Gbogbo ilé dìde bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Perpetual gbé ọmọ rẹ̀, Ebere, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, fa ọmọ méjì lọ́wọ́, wọ́n forí lé ilé ìdáná. Ọwọ́ Ebere ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kékeré náà nígbà tí ọ̀rọ̀ kan sọ sí Jọmílójú lọ́kàn. Bàbá Àkànó nìkan ló wà ní géètì. Níbo wá ni bàbá òun wà? Kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó sílé.

Tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn yóò mọ̀ pé òun ni. Tí kò bá sọ ọ́, ilẹ̀kùn yóò ṣí.

“Ẹ má ṣí i. Èmi ni mo júwe ilé. Mo sọ ti ilẹ̀kùn yẹn náà.”

Kò sẹ́ni tó bú u. Nusirat yọ́ lọ síbi ihò kékeré kan lára ògiri ilé búrẹ́dì, ó yọjú wò. Láàárín àwọn páànù búrẹ́dì, Reuben dúró, ó di sípánà táyà mú sẹ́yìn itan. Ó ń retí pé kí wọ́n jáde.

Wọ́n gbé sílíńdà gáàsì ti ilẹ̀kùn. Nusirat pe àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí, ó sì pe Àǹtí Bernice. Ní géètì, Bàbá Àkànó ṣì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tútù.

“Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti gbọ́ ti Reuben. Ojú ń tì í, ó dúró ní ìkóríta. Jáde wá, Tinú. Kúnlẹ̀ fún un, kí ó tán.”

Jọmílójú rí i tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ na sí àpò wọn. Ọdún pípẹ́ ti kọ́ ọwọ́ náà láti gbọ́ràn. Àgbà ń bẹ̀bẹ̀. Ta ni í jẹ́ kí àgbà bẹ̀bẹ̀ títí? Lẹ́yìn náà, ọwọ́ náà padà. Tinú rìn lọ sí ẹ̀yìn géètì, kò ṣí i.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ ti ń dá ẹjọ́ yìí. Èmi ni mo ń kúnlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ wo inú ilé búrẹ́dì, kí ẹ rí ohun tí Reuben ọmọ yín mú wá síbi ìpẹ̀tù.”

Ìró ọ̀pá Bàbá lọ tọ̀ọ̀ tọ̀ọ̀ yí ògiri ká. Ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan, méjì, márùn-ún. Àwọn aránṣọ Màlúù Róòdù tú jáde, téèpù ṣì wà lọ́rùn wọn. Àwọn onídìrí tú jáde, ìyarun ṣì wà nínú irun wọn. Wọn kò jà, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú géètì àti níwájú ilẹ̀kùn kékeré inú ilé búrẹ́dì, èjìká sí èjìká. Reuben gbé sípánà sókè sí wọn. Bàbá Àkànó ti dé, ó sì ti rí i. Ó bọ́ síwájú àwọn obìnrin náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

“Orí tèmi ni kí o kọ́kọ́ fọ́,” ni ó wí.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé kí ẹlòmíràn tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú Reuben lọ, ariwo ayọ̀ sọ nínú ilé àti níta. Ebere ń jó pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Tinú di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín.

Nusirat ní kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Ilé tí a ti júwe kì í ṣe ilé ààbò mọ́. Obìnrin mẹ́jọ, ọmọ mọ́kànlá, ọmọ ọwọ́ kan, gbogbo wọn yóò ṣí lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Jọmílójú rí Perpetual bó ṣe ń rọra bẹ̀rẹ̀ láti kó aṣọ ibùsùn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ara tí kò tíì san. Ojú ti Jọmílójú débi pé kò lè gbé orí sókè. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Perpetual fi Píjìn sọ fún un pé kí ó dìde, ó sì gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó ṣàṣìṣe tó sì jẹ́wọ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, òun lè fún un ní ọmọ òun gbé.

Níta, bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, Bàbá Àkànó ṣì dúró. Kò bẹ Tinú pé kó padà sílé. Ó ní, “Ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi.” Ó yí ẹ̀yìn padà, ó kọjú sí ògiri, kí ó má baà rí ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò yà sí.

Jọmílójú gbá ọmọ náà mọ́ra nínú ọkọ̀. Ó ti mọ̀ báyìí pé lílù kì í ṣe àṣírí ilé tí a ń bò. Ẹni tó lè gbani ni a ń sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tí a gbà sá sí, ẹnu kò gbọdọ̀ gbé e, bí ẹni tó ń béèrè tilẹ̀ fẹ́ràn wa. Bí ẹnu bá sì ti ṣì í gbé, kí a tètè jẹ́wọ́, ojú ìbáà tì wá. Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ilẹ̀kùn tó ṣí lójijì ló ń pa á.