Ohun Tó Lè Pa Wá Lónìí

"Kí ló lè pa ọ́ lónìí?"

Tíṣà Holger ló béèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń béèrè bóyá èèyàn ti jẹun. Khulan wo bàtà ara rẹ̀. Ó wo típà gàgàrà tó dúró lágbàlá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà wọn ní Dalanzadgad, nínú aṣálẹ̀ Gobi ní Mongolia. Táyà rẹ̀ nìkan ga ju àgbàlagbà lọ. Ó wá dáhùn bí gbogbo kíláàsì ti máa ń dáhùn:

"Kò sí nǹkan kan, Tíṣà. Àlàáfíà ni."

Holger gbá orí mú. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Jámánì ló fi òun àti típà náà ránṣẹ́, pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń dán yinrin, kí àwọn ọmọ Gobi lè kọ́ iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Èdè Mongolia tó ń sọ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin náà! Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ohun kan péré ni wọn ò lè ṣe fún un: kí wọ́n pe aburú lórúkọ.

Ta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Gobi? Bí o bá kí darandaran tí òtútù ti pa ẹran rẹ̀ tán, á ní àlàáfíà ni, á bu tíì fún ọ. Ìgbà tí o bá mu tíì tán lo máa tó mọ̀ pé ilé ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá Khulan ṣe bu tíì fún àwọn àlejò nígbà tí gbogbo àgùntàn rẹ̀ kú. Ìdí nìyẹn tí Khulan fi wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Bó bá yege, ibi ìwakùsà bàbà á gbà á síṣẹ́. Bó bá fìdí rẹmi, á padà sí ilé tí kò sí ẹran kankan láti dà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, níbi tí oníkálukú ti máa yí típà ká, kó ka ewu tó bá rí, kó tó wà á, Temuulen, olórí kíláàsì, kó gbogbo wọn jọ.

"Ẹ gbọ́ o! Àwọn òbí wa ń bọ̀. Ta ló fẹ́ dúró níwájú ìyá rẹ̀ kó máa ka ikú bí ẹni ń ka orúkọ kíláàsì? Àlàáfíà ni gbogbo wa máa sọ. Ẹni tó bá la ẹnu, kó má bá wa jókòó mọ́."

"A gbọ́!" ni gbogbo wọn wí. Khulan náà wí bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Dulmaa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, fi òfin tirẹ̀ kún un: "Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà ìdánwò ẹlòmíràn, ìdánwò tirẹ̀ ti parí nìyẹn."

Temuulen ló kọ́kọ́ bọ́ síta. Bó ṣe ń yí típà ká láti yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló yọ lẹ́yìn ọkọ̀? Màmá Tsend ni, ìyá àgbà Khulan, nínú aṣọ ṣẹ́dà búlúù, korobá wàrà lọ́wọ́ kan, ṣíbí onígi lọ́wọ́ kejì. Ní Gobi, ṣebí ẹni tó ń rin ìrìn àjò ni wọ́n ń wọ́n wàrà fún kí ọ̀nà rẹ̀ lè dára? Màmá wọ́n ọn sí táyà iwájú, ó wọ́n ọn sí ti ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti wọ́n ti inú.

Apá kejì ni àwọn tíṣà dúró sí, wọn ò rí i. Temuulen rí i. Gbogbo kíláàsì rí i. Ṣùgbọ́n ta ló máa lé àgbàlagbà tó mú wàrà lọ́wọ́? Ta ló máa sọ ohun tí táyà lè ṣe fún un níṣojú rẹ̀? Oníkálukú ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé á kúrò tó bá ṣe tán.

"Àlàáfíà ni!" Temuulen gun ọkọ̀. Ó tẹ họ́ọ̀nù.

"Háà! Ọkọ̀ ṣe àmín!" ni Màmá kígbe lábẹ́ ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó tún bu wàrà sí i.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù.

Khulan wo Tíṣà Dulmaa. Ó wo táyà. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí ilé wọn, ó rí ọgbà ẹran tó ṣófo. Ló bá figbe ta:

"Dúró! Màmá mi wà lábẹ́ ọkọ̀! Táyà yẹn máa pa wọ́n!"

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Màmá yọ jáde, wàrà ti bò ó lójú.

"Ta ló ń pe ikú mọ́ mi? Khulan! Èmi tí mo fẹ̀yìn pọ̀n ọ́!" Ó wẹ̀yìn láti nawọ́ sí ibi tó ti ń ṣe oore. Ó rí táyà náà, ó rí ibi tí orí rẹ̀ wà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé korobá sílẹ̀.

"Òfin ni òfin," ni Tíṣà Dulmaa wí. "Khulan, bọ́ akoto rẹ."

Khulan bọ́ ọ. Ó nà án sí Tíṣà Dulmaa.

"Ẹ dúró ná." Màmá nu wàrà ojú, ó kọjú sí Holger. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ti òkèèrè wá láti kọ́ wọn kí wọ́n la ẹnu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó wá la ẹnu, ẹ ní kó máa lọ?"

Holger kọjú sí Tíṣà Dulmaa. Ìgbà náà ni Temuulen sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Mo rí wọn, Tíṣà. Mo rí wọn, mo sì dákẹ́, torí mi ò fẹ́ rí wọn fín. Èmi ni kí ẹ lé."

Holger mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo ń béèrè ìbéèrè òdì. Kò sí ẹni tó máa pe aburú sórí ara rẹ̀. Ohun tó lè pa ẹnìkejì yín ló yẹ kí n ti máa béèrè."

Òun àti Tíṣà Dulmaa fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn, Tíṣà Dulmaa fúnra rẹ̀ ló dá akoto náà padà sórí Khulan.

"Kí ló lè pa ẹnìkejì rẹ lónìí?" ni obìnrin náà béèrè.

Khulan yí típà ká. Ó ka epo tó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ka òkúta tó há láàárín táyà, ó ka ọmọdé tó fara ti ọgbà. Àwọn ìyá ń di etí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tún un ṣe.

Ó yege. Temuulen tún ìdánwò rẹ̀ ṣe nígbà tó yá, òun náà sì yege. Ilé ẹ̀kọ́ náà fagi lé òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́: ẹni tó bá rí ewu, kó pariwo, ì báà jẹ́ ìdánwò ta ni. Holger kọ ìbéèrè tuntun náà ránṣẹ́ sí Jámánì, wọ́n sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ tiwọn náà lọ́hùn-ún.

Khulan ti ń wa típà níbi ìwakùsà báyìí. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kí wọ́n má ṣe torí ojú ọ̀rẹ́ tàbí ìtìjú àgbà dákẹ́ nígbà tí ewu bá wà nílẹ̀. Á ní, "Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wà láàyè láti gba ọ̀wọ̀ náà."