Píjó Bàbá Mi àti Ẹni Tó Ní Ó Ṣeé Tún Ṣe

Abẹ́ Píjó bàbá mi ni Tsofa wà nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Kilifi, ìlú wa létí òkun Kenya, dé pẹ̀lú aṣọ tí mo fẹ́ rán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo sì kí ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ náà dá mi lóhùn pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó ilé."

Mo ní èmi kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, ọmọ ilé ni mí, Mbeyu lorúkọ mi.

Òòlù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ọkọ̀. Ó wá ní, "Ìyẹn dára."

Píjó 404 ni ọkọ̀ náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi, Kalume, fi gbé èrò nínú rẹ̀ láti Mombasa sí Malindi, láyé ìgbà tí kò tíì sí afárá ní Kilifi, tí mọ́tò ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá. Òun ló fi gbé ìyá mi wálé níyàwó. Inú rẹ̀ náà ni ìyá mi bí ẹ̀gbọ́n mi Charo sí, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ọdún tí wọ́n ṣí afárá ni ẹ́ńjìnnì kú. Bàbá mi tì í sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé wa, afẹ́fẹ́ òkun sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìpẹtà jẹ ilẹ̀kùn, ó jẹ òrùlé, ó jẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ débi pé adìyẹ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé lọ yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo ọkọ̀ náà. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Charo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi, ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá mi ní, "Ìwọ tí wọ́n bí sínú ẹ̀ lo fẹ́ tà á?" Charo ní kò sẹ́ni tó bi òun léèrè kí wọ́n tó bí òun síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dà bí àwàdà, lẹ́yìn náà ó di ìjà. Níkẹyìn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí a pe ẹni tó mọ irin kó wá wò ó. Ohun tó bá sọ ni a ó ṣe.

Tsofa ni wọ́n pè. Jórinjórin ni, ìlú Mtwapa ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ náà. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi òòlù kékeré lù ú níhìn-ín lọ́hùn-ún. Nígbà tó jáde, ìpẹtà ti sọ irun rẹ̀ di pupa. Bàbá mi dìde lórí àga, ó ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de èsì dókítà. Tsofa nu ọwọ́, ó wo ọkọ̀, ó wo èmi tí mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún wo ọkọ̀.

"Bàbá," ó ní, "ó ti bàjẹ́ gan-an, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe. Ó máa gba àkókò ni. Sátidé-Sátidé ni mo lè máa wá."

Bàbá mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi nìkan ni mo rí i pé omi lé ròrò sí i lójú.

Sátidé wá di ọjọ́ tí mo ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró dè. Tsofa a gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ dé láàárọ̀, a gé èyí tó ti jẹrà kúrò, a jó páànù tuntun mọ́ ọn. Bàbá mi a gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa ròyìn àwọn èrò tó ti gbé rí, pàápàá obìnrin kan tó gbé ewúrẹ́ wọ ọkọ̀ tó ní ọmọ òun ni, pé kí wọ́n má gba owó rẹ̀. Èmi a se ìrẹsì olómi àgbọn àti ẹja, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a jọ jẹun. Tsofa a máa tọrọ àgékù aṣọ tó bá kù nídìí ẹ̀rọ mi lọ́wọ́ mi, pé òun fẹ́ fi nu ọwọ́. Mo máa ń kó o jọ dè é, búlúù aṣọ ilé-ìwé, tónítóní.

Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bàbá mi ti wọlé lọ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Mbeyu," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni bàbá ẹ ti sọ ìtàn ewúrẹ́ yẹn fún mi?"

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn pé o ti gbọ́?"

"Tí mo bá sọ, wọ́n lè ní kí n yára ṣiṣẹ́. Tí mo bá yára, iṣẹ́ á parí. Tíṣẹ́ bá parí, kí ni mo máa wá ṣe níbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "O lè máa wá kí mi. Ìyẹn ò nílò òòlù."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní àyànfẹ́ rẹ̀, adùn ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò fi bò. Mo fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti jó káàkiri, mo fẹ́ràn bó ṣe ń fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ arúgbó.

Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, Tsofa ní a nílò ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi kò ní nǹkan kan mọ́ àfi oko kaṣú tó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun tà á. Mo ní kó tà á, pé ọkọ̀ tó ti dé ibi tó dé yìí kò yẹ kí a fi sílẹ̀. Nígbà tí Charo gbọ́, ó pè mí lórí fóònù, ó ń bẹ̀ mí pé kí n dá bàbá dúró. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó mọ irin ti sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì panu mọ́.

Ó ní, "Àbúrò mi, ojú ìfẹ́ lo fi ń wo ọkọ̀ yẹn."

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Kérésì méjì ló kọjá tí kò wálé, tí èmi náà kò pè é.

Àwọn ẹbí Tsofa gbé ẹmu àgbọn wá tọrọ mi. Bàbá mi bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé ṣé kí òun mu ún. Mo ní kí wọ́n mu ún. Wọ́n mu ún, ó di pé a ti gbà. A dá ìgbéyàwó sí oṣù kẹjọ. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ti gba ọ̀dà funfun bíi wàrà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bàbá mi sì ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun fúnra òun ni òun yóò fi í gbé ọmọ òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ní kí a gbé e jáde sójú títì, Tsofa a rí nǹkan sọ. Ó ní bíréèkì kò tíì dára. Ó ní òjò ń bọ̀. Ó ní kí Bàbá ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Sùúrù bàbá mi tán. Ní ọjọ́ Túsìdé kan, láìsọ fún Tsofa, ó ránṣẹ́ pe Fúńdì Salim, bí a ṣe ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, arúgbó tó kọ́ Tsofa níṣẹ́, pé kó wá bá òun wo ohun tó kù.

Salim kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ ọkọ̀ tó fi pè mí. Ẹ̀yìn bàbá mi kò gbà á kó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú iyanrìn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí irin gbọọrọ méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ó sì fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara wọn. Nǹkan funfun tí wọ́n máa ń rẹ́ dí ihò wẹ́wẹ́ lára mọ́tò ló ń já bọ́ sí mi lọ́wọ́ bíi pákí gbígbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí irin. Àkísà ni wọ́n ká, tí wọ́n kì bọ ibẹ̀. Salim fà á jáde. Aṣọ búlúù ni. Àgékù aṣọ mi ni.

Salim ní, "Irin yìí ti kú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá gbé e sójú títì, kòtò àkọ́kọ́ ló máa ṣẹ́ ẹ sí méjì."

Mo bi í bóyá jórinjórin lè ṣe àṣìṣe. Mò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kì í ṣe Tsofa. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn: lu abẹ́ rẹ̀ kó o tó sọ̀rọ̀. Irin tó ti kú kì í dún bí èyí tó wà láàyè. Ọmọ mi, ó mọ̀. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tó lù ú ló ti mọ̀."

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀. Ó ní kí n fún Fúńdì lóúnjẹ kó tó lọ. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí, ó sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Kì í ṣe pé Tsofa tan bàbá mi jẹ nìkan. Ẹnu mi ló fi tàn án. Èmi ni mo ní kí wọ́n ta oko. Èmi ni mo lé ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn nítorí òótọ́ tó sọ.

Ní Sátidé, Tsofa dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fi àkísà búlúù náà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló fà á.

"Mo jáde lábẹ́ ọkọ̀, mo rí ọ," ó ní. "Tí mo bá ní kò ṣeé ṣe, mo máa palẹ̀ mọ́ ni, mi ò ní rí ọ mọ́. Mo ní mo máa sọ òótọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín."

"Oṣù kẹrin, mo sọ fún ọ pé o lè máa wá kí mi. O ò nílò ọkọ̀ mọ́ nígbà yẹn."

Ó ń ká àkísà náà mọ́ ọwọ́.

"Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta oko ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé o máa kórìíra mi."

Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù. "Ká ní Fúńdì Salim ò wá, ìgbà wo lo máa sọ fún mi?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ parọ́, mo sì rí i pé kò lè pa á mọ́.

"Mi ò ní sọ," ó ní. "Mi ò ní jẹ́ kó dé ojú títì láé, mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ. Mo máa wá nǹkan sọ títí Bàbá á fi kú."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju àkísà lọ. Mo ní kó máa lọ.

Ìyá Tsofa wá bẹ̀ mí, ó ní ẹmu tí wọ́n ti mu kò ṣeé bì padà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bàbá mi. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ti dárí ji Tsofa, pé ta ni kì í parọ́ nítorí obìnrin, pé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni òun fi ní ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Ó ní, "Mbeyu, oko ti lọ, ọkọ̀ ti lọ. Má jẹ́ kí ọkọ náà lọ."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, èmi náà á dárí jì í. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà nílé ẹ̀, tó ní ara ọmọ wa ti yá, màá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà wò. Tó bá ní òun ti tilẹ̀kùn, màá dìde lọ wò ó. Ṣé ilé nìyẹn?"

Bàbá mi fà mí dìde. Mo pe Charo, mo tọrọ àforíjì, mo sì ń dúró kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní òun ń bọ̀ wálé.

A ra ẹmu mìíràn dá padà fún ẹbí Tsofa, àdéhùn ìgbéyàwó náà sì tú ká. Nígbà tí àwọn oní-irin-àlòkù dé, wọ́n ní ọkọ̀ náà kò lè wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ àwọn láìjẹ́ pé wọ́n gé e. Bàbá mi ní kí wọ́n pe Tsofa, pé ẹni tó kó o jọ ni kó tú u. Tsofa wá. Ó fi iná gé e sí méjì lójú gbogbo wa, omijé ń ṣàn lábẹ́ dígí dúdú tó fi bo ojú. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, bàbá mi sì gbé e dìde.

Mo sìn ín dé etí títì. Ó ní òun ń lọ sí Lamu, wọ́n ń wá jórinjórin níbẹ̀ tó máa ṣe ọkọ̀ ojú omi. A dúró títí mátátù, mọ́tò akérò, fi yọ lókèèrè.

"Mbeyu," ó ní, "ìfẹ́ tí mo ní sí ọ, ìyẹn kì í ṣe irọ́."

"Mo mọ̀," mo ní. "Ká ní irọ́ ni, ì bá rọrùn fún mi."

Mátátù dúró. Mo bá a gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ sókè, nítorí ó wúwo fún ẹnì kan, mo sì fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mátátù náà.