Mùíz, Wo Iwájú Ẹ!

“Ó tún ti kú o!”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo gèè. Èmi Sabina Ikúmápàyí ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yìn odi ni mo sá pamọ́ sí, mo fa ọfà, mo ń dúró kí Mùíz yọ imú lásán kí n ta á. Kò yọ imú. Ẹ̀yìn mi ló gbà wá, ó yìn mí níbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá tèmi lára tẹlifíṣọ̀n sì pupa fòò.

“Òkú, dìde,” ni Mùíz wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ta ló kàn?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gémù yìí fún yín. Orúkọ òyìnbó gbọọrọ kan ló wà lára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Ladi-Lak, Ìgbà-Dé-Ìgbà là ń pè é. Bí ẹ bá ń gbá a, ọwọ́ yín àti ohun ìjà tí ẹ dì mú nìkan ni ẹ máa rí, bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an lẹ wà nínú rẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà kan á ṣí, á gbé yín lọ sí ayé àtijọ́. Òmíràn á ṣí, á gbé yín dé ayé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣí àká ohun ìjà sílẹ̀ fún yín, kí ẹ mú ẹyọ kan. Ọrun àti ọfà wà níbẹ̀, kì í dún, ẹni tí ẹ bá ta ò ní mọ ibi tó ti wá. Ṣakabùlà wà níbẹ̀, ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó gba ẹ̀tù, àmọ́ bó bá dún báyìí, èéfín rẹ̀ á bo gbogbo ilẹ̀, ẹ lè gba inú rẹ̀ sá lọ. Ìbọn ìmọ́lẹ̀ náà wà, ti ayé ọ̀la, òun làwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn jù. Ìyẹn ò nílò ọta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yìn ín tán, ó gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀. Ẹni tí ẹ ń bá jà ò gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ mú, kò sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ wà. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Nítorí pé tẹlifíṣọ̀n kan náà ni gémù ń pín sí méjì fún wa, Brọ̀dá Akínlẹ́yẹ tó ni ṣọ́ọ̀bù gé páálí índómì, ó gbé e dúró sáàárín gbọnrangandan, kí ẹni apá òsì má baà rí ti ẹni apá ọ̀tún. A sọ páálí náà ní Adájọ́. Adájọ́ wa kì í gba rìbá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rò ó.

Irun ni Brọ̀dá ń gẹ ní tòótọ́, gémù kàn ń bá a pe oníbàárà ni. Àga ìgẹrun rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀tún, dígí gàgàrà kan sì wà lára ògiri náà. Òfin ṣọ́ọ̀bù ò ju ẹyọ kan lọ: borí-dúró. Ẹni tó bá borí á dúró, ẹni tó bá kú á dìde. Láti ìgbà tá a ti wọlé sáà yìí, Mùíz ò tíì dìde lórí àga apá òsì. Àga ọba ló ń pè é. Àwa ọmọbìnrin wá ńkọ́? “Ẹ dúró ná, kí àwọn ọkùnrin ṣe tán.” Wọn kì í tètè ṣe tán, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń rí i gbá!

Dọlápọ̀, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló fi ẹjọ́ sun Brọ̀dá.

“Kò burú,” ni Mùíz dáhùn kí Brọ̀dá tó lanu. “Kí Sabina bá mi jà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá borí, gbogbo ọ̀sán Sátidé di tàwọn obìnrin. Tí mo bá borí, kí obìnrin kankan má fọwọ́ kan páàdì tá a fi ń gbá gémù títí a ó fi ṣèdánwò tán.”

“Mo gbà,” ni mo wí. Ẹnu mi ló yá, àyà mi ò gbà rárá.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Nígbàkúùgbà tí èmi àti Mùíz bá jọ ń gbá gémù, ojú rẹ̀ máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Dọlápọ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

“Sabina, ó ń wò ẹ́ o!”

“Kí ló fẹ́ wò lára mi?”

“Ìwọ náà bi í. Ta ló tún wà lápá ọ̀tún yẹn yàtọ̀ sí ẹ?”

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mùíz ga, eyín rẹ̀ funfun, ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì wa lọ. Nígbà tí mo tún máa lọ gbá gémù, mo fi ìpara sétè kí n tó jáde. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ má wulẹ̀ pa á mọ́ra.

Lọ́jọ́bọ̀, tíṣà wa kan lé gbogbo ọmọbìnrin tí irun wọn ti hù jù pé ká lọ gẹ irun wa kó lọ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Brọ̀dá ni mo gbà lọ. Mùíz àti Godspower, ọ̀kan lára àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa, wà nídìí gémù. Mo jókòó sórí àga ìgẹrun, Brọ̀dá di orí mi mú, ó ní kí n má mira. Kí ni n bá tún ṣe? Mo ń wo dígí.

Mo rí orí mi, ó dà bí oko tí wọ́n ro dé ìdajì. Lẹ́yìn náà ni mo rí tẹlifíṣọ̀n. Apá ọ̀tún rẹ̀, ti Godspower, hàn kedere nínú dígí. Mo rí i bó ṣe mú ṣakabùlà. Mo rí i bó ṣe wọ ilé alámọ̀ kan, tó lúgọ sí kọ̀rọ̀. Mo wá rí ojú méjì tí wọ́n ń wo ibi tí èmi náà ń wò. Ojú Mùíz ni. Ojú wa ṣe mẹ́rin nínú dígí, ó sì yára wo iwájú. Kò pẹ́ tí ó fi yọ sí Godspower nínú kọ̀rọ̀ náà, ó sì pa á.

Yéè! Kì í ṣe èmi ló ń wò! Dígí ló ń wò! Gbogbo ìpara ètè tí mo fi ṣòfò! Inú bí mi débi pé mi ò mọ èyí tó dùn mí jù: ṣé pé ó ń rẹ́ wa jẹ ni, àbí pé kò wò mí rárá.

Mo sáré lọ sọ fún Dọlápọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, kó tó rántí pé ó yẹ kí inú bí òun náà.

“Ìwọ náà tètè dé lọ́jọ́ Sátidé,” ló wí nígbà tó yá. “Gba àga òsì yẹn, kó o máa wo tiẹ̀ nínú dígí. Ohun tó fi ń ṣe wá la ó fi ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó ti bàbá mi létí ọ̀sà, wọ́n ń fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀. Apẹja ni wọ́n, ọmọ Ìlàjẹ pọ́ńbélé.

“Bàbá, ṣé ẹja ò ń rí ìwọ̀ yìí ni?”

“Ẹja ní ojú tó fi ń ríran,” ni wọ́n dáhùn. “Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti tẹjú mọ́ ìjẹ, kò ní rí ìwọ̀.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbójú sókè, wọ́n béèrè bóyá ebi ló ń pa mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Àga òsì ṣófo. Mo jókòó sí i, mo sì yí ojú díẹ̀. Háà, ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ! Gbogbo apá ọ̀tún ló hàn. Dọlápọ̀ ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò sì ti ń rọ́ dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ mi. Mo wo ojú wọn, ojú sì tì mí. Bí mo bá fi dígí borí, dígí ló borí. Sátidé tí mo bá fi ìrẹ́jẹ gbà, báwo ni màá ṣe wá fi ẹ̀rín gbádùn rẹ̀? Mo dìde, mo lọ jókòó sápá ọ̀tún.

“Sabina,” ni Dọlápọ̀ sọ sí mi létí, “ṣé orí ẹ pé ṣá?”

“Ó pé. Máa wòran.”

Mùíz dé, ó gun orí àga ọba rẹ̀. Ìjà kìíní, ó pa mí kí n tó gbé itọ́ mì. Àwọn ọmọkùnrin ń jó.

Ìjà kejì bẹ̀rẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà gbé wa lọ sí ìlú àtijọ́ kan tó kún fún ògiri pupa, tí wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn yí ká. Mo mú ṣakabùlà. Mo rìn lọ síbi ògiri àkọ́kọ́ tí mo rí, mo kọjú sí i, mo sì dúró. Gbogbo apá tèmi lára tẹlifíṣọ̀n di amọ̀ pupa, kò sí ohun mìíràn. Mo gbé páàdì lé itan.

“Sabina, ṣé o ti sùn ni?”

“Yí padà! Yí padà!”

Dọlápọ̀ ká ọwọ́ lérí. “Ayé mi! Sátidé wa ti lọ!”

Bí Mùíz bá ṣèèṣì gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fi ìdí ojú wò ó. Ó wo dígí, ògiri ló rí. Ó tún wò ó, ògiri náà ni. Ó na ọrùn bí adìyẹ tó rí àgbàdo.

“Ògiri wo nìyí?” Ó bọ́ sí i lẹ́nu láìmọ̀.

Ó tẹjú mọ́ ògiri mi, ó ń wá àmì kan tí yóò fi dá a mọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń ti ọkùnrin rẹ̀ inú gémù síwájú, síwájú.

“Mùíz! Yàrà! Yàrà wà níwájú ẹ!”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkùnrin rẹ̀ já sínú yàrà gbì, ó kú. Kò sẹ́ni tó yìn ín níbọn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ inú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù dàrú! Oníbàárà Brọ̀dá tí wọ́n ti gẹ ìdajì orí rẹ̀ fò dìde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó ń pariwo pẹ̀lú wa.

Nínú ariwo yẹn, mo tẹ̀ sún mọ́ Mùíz. “Mo jókòó sórí àga ìgẹrun yẹn lọ́jọ́bọ̀,” ni mo rọra wí. “Mo mọ ohun tó ò ń wò.”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Ṣé wàá sọ ni?”

“Wo iwájú ẹ. Jẹ́ ká gbá eléyìí bó ṣe yẹ.”

Ó mi orí pé òun gbà.

Ìjà kẹta! Mùíz ò ya ojú rárá. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń sáré kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti fúnra rẹ̀ wá ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó yọ sí mi ní ayé ọ̀la pẹ̀lú ìbọn ìmọ́lẹ̀, mo fò gba ẹnu-ọ̀nà bọ́ sí ayé àwọn baba ńlá wa, ó tẹ̀ lé mi. Mo yí padà, mo yin ṣakabùlà, gbòlà! Kò bà á. Èéfín bo gbogbo ilẹ̀. Ó yìn sínú èéfín náà, ìmọ́lẹ̀ fò gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Ìbọn tirẹ̀ ń sinmi, tèmi ń gba ẹ̀tù. Èmi ni mo kọ́kọ́ yìn, tèmi ló sì kọ́kọ́ ṣe tán. Gbòlà! Apá tirẹ̀ pupa fòò.

Mi ò mọ ẹni tó gbé mi sókè. Dọlápọ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lù mí lẹ́yìn. “Sátidé wa! Sátidé wa!”

Mùíz dìde kúrò lórí àga òsì. A rò pé inú ló ń bí i. Ó mú aṣọ funfun kan tí Brọ̀dá fi ń bo ènìyàn lára, ó fi kọ́ sára dígí, ó bò ó pátápátá.

“Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa bo dígí yìí,” ló wí. Ohùn rẹ̀ ò le. “Láti àga òsì, mo máa ń rí gbogbo ohun tí ẹni apá ọ̀tún ń ṣe. Ó ti pẹ́.”

“Bó o ṣe ń pa mí nìyẹn?” Godspower kígbe. Ó lé Mùíz yí àga ìgẹrun po títí gbogbo wa fi ń di ikùn mú fún ẹ̀rín.

Brọ̀dá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní Mùíz á máa gbá irun ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sátidé sáà yìí, kò sì ní fọwọ́ kan páàdì títí gbogbo ẹni tó rẹ́ jẹ yóò fi gbá gémù tẹ́rùn. Ó wá tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. “Ṣé o rí yàrà yẹn? Ó wà níwájú ẹ gbangba. Ojú tó bá ń ṣọ́ ìpín ẹlòmíràn ò lè rí kòtò tó wà níwájú ara rẹ̀. Bó ṣe rí nídìí gémù, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.”

“Ẹ̀yin ará,” ni oníbàárà tí wọ́n gẹ ìdajì orí rẹ̀ ké, “ẹ ti bo dígí. Báwo ni màá ṣe mọ bí irun mi ṣe rí?”

“Ó rẹwà gan-an, ẹ̀gbọ́n!” Gbogbo wa la jọ dáhùn. Irọ́ ni.

Mùíz gbálẹ̀ títí sáà fi parí, kò ráhùn. Nígbà tí wọ́n fún un ní páàdì padà, èmi ni mo ní kó wá bá wa gbá a lọ́sàn-án Sátidé. Ó ti mọ̀ ọ́n gbá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn ó máa ń borí mi, bí mo bá sì borí rẹ̀, ó máa ń fi ẹ̀rín dìde. Èmi pàápàá ti rí i pé ohun tí mo fi ọwọ́ mímọ́ gbà yìí, kò sẹ́ni tó lè yọ mí lẹ́nu lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a tún jọ jókòó, Adájọ́ dúró sáàárín, aṣọ bo dígí mọ́lẹ̀. Dọlápọ̀ gún mi nígbòǹwọ́.

“Sabina, ojú ẹ̀ tún ti yà sọ́tùn-ún o.”

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Mo wo dígí, aṣọ ò ṣí níbì kankan. Kò sí ohun kankan lápá ọ̀tún yẹn láti wò, àfi èmi.

“Mùíz,” ni mo wí, mo ń fún ètè pọ̀ kí ẹ̀rín má bọ́, “wo iwájú ẹ!”

Ó ti pẹ́ jù. Ó ti wọ yàrà.