Tìmùtìmù Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí, nínú pálọ̀ mi, lójú ọ̀sán gangan, tí orí mi sì pé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, n kò ní bá a jà.

Mo rán kọ́tìnì tuntun sí pálọ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé tó nípọn. Ó ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, Àǹtí là ń pè wọ́n, ní kí n fún àwọn ní àgékù náà, àwọn á fi bo tábìlì yàrá àwọn. Mo ní rárá o, mo fẹ́ fi rán aṣọ sí àwọn tìmùtìmù orí àga. Àǹtí mí kanlẹ̀, wọ́n wọlé lọ.

Mo rán an. Mo ki fóòmù bọ inú rẹ̀. N kò ní síìpù nílé, mo bá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa.

"Ọwọ́ ẹ dáa o jàre," ni ọkọ mi wí.

Ní ọjọ́ kejì, èyí tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti la ẹnu. Mo rò pé òwú ni kò dáa. Mo tún un rán. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ti tú. Ìyẹn nìkan o. Àwọn yòókù wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ta ló mọ bí a ṣe ń tú aṣọ láì jẹ́ kó ya? Àǹtí ti ṣe télọ̀ rí, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu.

Mo ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá wọ pálọ̀, n ó rántí nǹkan tí mo gbàgbé síbẹ̀. Àwọn náà ń fi igun ojú wò mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Lórí kí ni?"

"Aṣọ tí ẹ ń tú."

Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé tìmùtìmù náà sún mọ́ ojú, wọ́n ń fi èékánná wá ojú rírán rẹ̀.

"Ìyàwó, ibo lo ta kókó òwú ẹ sí?"

"Ìta ni. Ọwọ́ ò lè dé inú mọ́ tí mo bá ti ń pa ẹnu ẹ̀ dé."

"Kókó ẹ rèé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Inú ni òwú ti já."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ó já lọ́kọ̀ọ̀kan, fínfín, gbogbo ẹnu òwú kọ sínú. Orí mi wú. Síbẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé, ẹni tó bá ti ṣe télọ̀ á mọ ọgbọ́n tí n kò mọ̀.

"Tún un rán," ni Àǹtí wí. "Fi òwú méjì. Ká jọ jókòó tì í."

A jókòó. Atẹ́gùn ò fẹ́. Kọ́tìnì ò mì.

Pẹ́.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Pẹ́. Pẹ́. Òwú ń já, ẹnu aṣọ náà ń là díẹ̀díẹ̀ lójú wa. Àǹtí di ọrùn ọwọ́ mi mú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn tutù.

Mo fa fóòmù náà yọ. Fóòmù lásán ni. Ṣùgbọ́n ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo di kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. A fi aṣọ sílẹ̀ lórí àga, pẹlẹbẹ.

A jọ lọ mu omi nílé ìdáná. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnì kejì sílẹ̀. Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ìfura ni.

Nígbà tí a padà dé, aṣọ náà ti kún. Ó rí rogodo. Ẹnu rẹ̀ ti pa dé, wẹ́wẹ́ báyìí ni ojú abẹ́rẹ́, ó sún mọ́ra. N kò rí kókó kankan níta.

"Èmi kọ́ o," ni Àǹtí wí. "Ojú mi ò ká irú èyí mọ́."

Mo sáré lọ sí yàrá. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Fóòmù wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àǹtí mú réésà wá.

"Tú u."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tú u."

Wọ́n gbé réésà sí àárín wa. Mo ń wo ọwọ́ wọn, wọ́n ń wo tèmi. Ibẹ̀ la wà tí ọkọ mi fi ti ibi iṣẹ́ dé. Kí á tó la ẹnu, ó ti jókòó, ó ti fa tìmùtìmù náà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

Àǹtí mú réésà kúrò nílẹ̀.

"Ta ló pààrọ̀ nǹkan inú ẹ̀? Ó mà rọ̀ o." Ó pa ojú dé.

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, a ò tíì tú u. Ọkọ mi ò gbà ká gbé e kúrò; ó ní ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀yìn òun ti ń rí ìsinmi. Àǹtí ní èmi ni ìyàwó, kí n lọ yọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní àwọn ni ẹ̀gbọ́n.

Tí a bá pe ọkọ mi níbẹ̀ báyìí, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn.