Ẹ̀rọ Kọfí Tí Kì Í Gba Omi

Ní ọdún kẹtàdínlógún tí òjò ti dáwọ́ dúró ní ìlú Òkè-Ìyàrá, ẹ̀rọ kọfí kan jáde tí kì í gba omi. Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwadé, obìnrin onímọ̀ tó ṣe é, pè é ní Apọnrì, nítorí pé inú afẹ́fẹ́ ilé ló ti ń fa ìrì tó fi ń po kọfí.

Ìbídùn mú bàbá rẹ̀ lọ wò ó ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ. Àgbẹ̀ kọfí ni Bàbá Olúmorótì kí oko rẹ̀ tó di iyanrìn. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí kọfí kíki, irú èyí tí ẹ̀rọ máa ń fi agbára ooru fún sínú ife kékeré, ti kan ètè rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìbídùn ti pinnu pé òun yóò ra ọ̀kan sílé fún un.

Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ní ọwọ́ irin gígùn kan tí èèyàn ń fi agbára tẹ̀ wálẹ̀, omi ife méjì ló sì ń gbà kí kọfí ife kan tó jáde. Èkejì ni Apọnrì. Baba di ọwọ́ irin náà mú, kò fi í sílẹ̀.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Bàbá, kóńgò omi kan péré ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ṣé inú kọfí la ó wá máa bù ú sí ni?"

"Èyí tí mo bá bù, mo mọ̀ pé mo bù ú. Ìyẹn ńkọ́? Omi ta ló ń lò?"

Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwadé rẹ́rìn-ín. "Omi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni, Bàbá. Inú afẹ́fẹ́ lásán ló wà. A ti yẹ̀ ẹ́ wò fún odidi ọdún kan."

"Ọmọ mi, mi ò tíì rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

Àwọn èèyàn ti ń wò wọ́n. Ojú ti Ìbídùn. Ó ra Apọnrì.

Ká má parọ́, kọfí náà dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, baba gbé ife sábẹ́ imú, ó dijú, ó sì dárúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ìbídùn yíjú sí ògiri kí baba má baà rí omijé òun.

Ojoojúmọ́ ni Ìbídùn ń lọ sí pápá dígí, níbi tí wọ́n ti ń gba iná lára oòrùn. Baba nìkan ló ń kù sílé. Nítorí eruku tó ń pani níta, wọ́n ti dí gbogbo ilé pa. Atẹ́gùn kì í wọlé, kì í jáde.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ètè baba ti là.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí, Ìbídùn."

Ó po ife kọfí mìíràn fún un. Ohùn baba há. Ìbídùn tún po òmíràn. Àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ ogbó ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó bá baba lórí àga, ó pè é títí, kò dáhùn mọ́.

Ìbídùn rántí ìbéèrè baba nípa omi ẹ̀rọ náà, ó sì ránṣẹ́ pe Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwadé. Obìnrin náà gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ìrì sókè láàárín yàrá.

"Kò sí ìrì kankan nínú afẹ́fẹ́ yìí. Ó ti tán tipẹ́."

"Níbo ni ẹ̀rọ yín wá ti ń rí omi?"

"Nínú èémí bàbá yín. Lára awọ rẹ̀. Ẹ̀yin ń jáde lójoojúmọ́. Bàbá kì í jáde."

"Ẹ ní ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún kan!"

"Ilé òfìfo tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ la ti yẹ̀ ẹ́ wò." Kò lè gbójú sókè.

"Ilé mélòó ló ti rà á?"

Ọ̀mọ̀wé Ṣijúwadé ti sáré jáde.

Ní Òkè-Ìyàrá, omi kò tọ́ sí òkú. Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi ń nù wọ́n. Ìbídùn ṣí ikùn ẹ̀rọ náà. Omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò kún ife, ó mọ́ gaara. Ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi fọ ojú bàbá rẹ̀, ó fi fọ ètè tó ti là náà. Awọ ara baba fa omi náà mu kíá, kò sì ṣẹ́ku èyí tí yóò nù.